Ilẹ̀ Dúdú Lowndes àti Àwọn Tó Ń Gbé Orí Rẹ̀

 Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ni pé kí n mú káúńtì kan ní ìgbèríko Amẹ́ríkà, kí n sọ ìtàn rẹ̀, bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe rí àti iye ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀. Káúńtì tó wà lórílẹ̀-èdè náà lé ní 3,000. Lowndes ni mo mú, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Káúńtì jọ ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, àmọ́ agbára rẹ̀ pọ̀ ju ti ìjọba ìbílẹ̀ lọ. Ó ní ilé-ẹjọ́ tirẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ló ń dìbò yan ṣẹ́rífù, ìyẹn olórí ọlọ́pàá wọn. Káúńtì ló ń gba owó-orí ilẹ̀, òun náà ló ń kọ orúkọ àwọn olùdìbò sílẹ̀. Ẹni tí ipò wọ̀nyí bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló ni ìlú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀. Ilẹ̀ tó sọ ìwọ̀nba ènìyàn di ọlọ́rọ̀ ní Lowndes ni wọ́n torí rẹ̀ sọ àwọn tó pọ̀ jù lọ di ẹrú. Ilẹ̀ náà kan náà ló ń ti omi ẹ̀gbin padà sínú ilé àwọn ọmọ-ọmọ ẹrú wọ̀nyẹn lónìí. Ẹni tó bá ń wá ìdí tí iye ènìyàn ibẹ̀ fi ń já wálẹ̀ láti ọdún 1900, inú erùpẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Montgomery, olú-ìlú Alabama, wà ní ìlà-oòrùn Lowndes. Selma, olú-ìlú káúńtì Dallas, wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Odò Alabama ló pààlà sí i níhà àríwá, ó ń ṣàn wọ́kọwọ̀kọ lọ sí ìhà Mobile létí òkun. Gbogbo káúńtì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,880 kìlómítà níbùú lóròó. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2020, ènìyàn 10,311 ni wọ́n bá níbẹ̀. Bí a bá pín wọn ká orí ilẹ̀ náà, kò ní pé ènìyàn mẹ́fà tí yóò bọ́ sórí kìlómítà kan níbùú lóròó. Hayneville ni ilé-ẹjọ́ wà, ilé funfun olópòó tí wọ́n ti kọ́ kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀. Fort Deposit níhà gúúsù ni ìlú tó tóbi jù, ènìyàn ibẹ̀ kò sì ju 1,200 àti díẹ̀ lọ. Yàtọ̀ sí wọn, abúlé ni, pápá màlúù, igbó igi páìnì, àti àwọn ilé onípákó tàbí onípáànù tó dá wà lẹ́bàá ọ̀nà eléruku.

Ní nǹkan bí ọgọ́rin mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkun ló bo àárín Alabama. Ìkarahun àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tó ń kú sínú òkun yẹn ń rọ̀ sísàlẹ̀, ó ń dì, títí ó fi di àpáta ẹfun. Òkun sún padà, ẹfun ń jẹrà díẹ̀díẹ̀, amọ̀ dúdú sì bo orí rẹ̀. Ilẹ̀ yìí na tẹ́ẹ́rẹ́ gba àárín ìpínlẹ̀ náà kọjá, Black Belt ni wọ́n sì ń pè é. Bí òjò bá rọ̀, amọ̀ náà á wú, á lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àti táyà. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, á sán débi pé ọwọ́ ènìyàn lè wọ inú rẹ̀. Omi kì í fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá sísàlẹ̀. Òwú máa ń ṣe dáadáa níbẹ̀, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òwú sì ni owó.

Kí òwú tó dé, àwọn Creek, tó ń pe ara wọn ní Muscogee, ló ni ibẹ̀. Ní ọdún 1813, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín apá kan nínú wọn àti ìjọba Amẹ́ríkà. Wòlíì wọn kan, Josiah Francis, ya ìlú kan sí mímọ́ lórí bèbè odò Alabama, nínú ohun tó di Lowndes lónìí. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ọ̀tá kò ní lè tẹ ibẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá, ọmọ-ogun ọ̀gágun Ferdinand Claiborne dé, wọ́n sì dáná sun ìlú náà. Wọ́n ní William Weatherford, ọ̀kan nínú olórí ogun Creek, wà lórí ẹṣin rẹ̀ tó fi bẹ́ láti orí bèbè sínú odò, tó sì lọ. Fífò yẹn ni àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa sọ. Ìwé àdéhùn oṣù Kẹjọ ọdún 1814 ni èmi fẹ́ kí ẹ rántí. Ọ̀gágun Andrew Jackson fi gba ilẹ̀ tó ju 20 mílíọ̀nù éékà lọ́wọ́ àwọn Creek, kò sì yọ ti àwọn tó bá a jà lójú ogun sílẹ̀. Orúkọ Fort Deposit ti inú ogun yẹn wá, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ-ogun ń kó ẹrù àti oúnjẹ pamọ́ sí.

Ilẹ̀ bọ́ sílẹ̀, òyìnbó sì rọ́ wọlé láti South Carolina àti Georgia, níbi tí òwú ti fa ilẹ̀ wọn gbẹ. Wọ́n kó ẹrú wọn dání. Ní oṣù Kìíní ọdún 1830, wọ́n gé Lowndes jáde lára Montgomery, Dallas àti Butler, wọ́n sì fi orúkọ William Lowndes sọ ọ́. Hayneville jẹ́ orúkọ Robert Hayne. Òṣèlú South Carolina ni àwọn méjèèjì, nítorí ọkàn àwọn tó dá káúńtì náà sílẹ̀ ṣì wà ní ilé tí wọ́n ti wá. Nígbà tó fi di ọdún 1860, ènìyàn 27,716 ló wà ní Lowndes, àwọn tó ju 19,000 lọ nínú wọn sì jẹ́ ẹrú. Wọn kò kọ orúkọ ẹrú sínú ìwé ìkànìyàn. Orúkọ olówó wọn ni wọ́n kọ, wọ́n wá to ọjọ́-orí wọn sábẹ́ rẹ̀, àti bóyá akọ ni wọ́n tàbí abo.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ilé wa. Ní ọdún 1860 kan náà, ọkọ̀ ojú omi Clotilda kó ènìyàn bí 110 láti Ouidah lọ sí Mobile, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá. Àwọn kan wà ní agbègbè Mobile, wọ́n sì tẹ Africatown dó lẹ́yìn tí wọ́n gba òmìnira. Wọ́n ta àwọn yòókù sọ́wọ́ àwọn olóko lókè odò Alabama. Ọmọ kékeré kan wà láàárín wọn tí ayé wá mọ̀ sí Matilda McCrear. Ọmọ ọdún bíi méjì ni nígbà tí wọ́n mú òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ilà sì ti wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Káúńtì Dallas, tó bá Lowndes pààlà, ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀. Ní ọdún 1931, nígbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìyá yìí rìn tó kìlómítà mẹ́rìnlélógún lọ sí ilé-ẹjọ́ Selma láti béèrè owó gbà-má-bínú fún ohun tí wọ́n fi ojú rẹ̀ rí. Wọ́n kọ̀ fún un. Ó kú ní oṣù Kìíní ọdún 1940. Ìwádìí Hannah Durkin, onímọ̀ ìtàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló jẹ́ kí ayé gbọ́ nípa rẹ̀ ní ọdún 2020. Àwọn bàbá àti ìyá kan ṣì wà láàárín wa tí wọ́n ti dáyé kí ó tó lọ.

Ogun abẹ́lé parí ní ọdún 1865. Ẹrú gba òmìnira, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ènìyàn dúdú tí kò ní ilẹ̀, tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju òwú lọ, ní láti padà lọ bá onílẹ̀. Onílẹ̀ á fún un ní ilẹ̀ díẹ̀, ìbaaka, irúgbìn, àti oúnjẹ àwìn láti inú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Nígbà ìkórè, wọ́n á pín òwú, onílẹ̀ á ṣírò gbèsè. Onílẹ̀ nìkan ló ń kọ ìwé, onílẹ̀ nìkan ló ń kà á. Lọ́dọọdún ni gbèsè ń ṣẹ́ kù, ẹni tó bá sì jẹ gbèsè kò gbọ́dọ̀ ṣí lọ. Odidi ìdílé di ìwọ̀fà lórí owó tí wọn kò mọ iye rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òfin ìpínlẹ̀ ti ọdún 1901 dé, ó fi owó ìdìbò àti ìdánwò ìwé kíkà gba ìbò lọ́wọ́ wọn.

Ọdún 1900 ni ènìyàn pọ̀ jù ní Lowndes. Wọ́n jẹ́ 35,651, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sì jẹ́ ènìyàn dúdú. Ẹnì kan wà tó fẹ́ mọ bí àwọn wọ̀nyí ṣe ń gbé. Ní ọdún 1906, W. E. B. Du Bois, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Atlanta nígbà náà, gba iṣẹ́ ìwádìí lọ́wọ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, Lowndes ló sì yàn. Òun àti àwọn onímọ̀ bíi Monroe Work lọ láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n bi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé léèrè: ta ló ni ilẹ̀ tí ẹ ń ro, kí ni ẹ jẹ, kí ni wọ́n san fún yín? Wọ́n tú ìwé ilé-ẹjọ́ wò láti rí bí ilẹ̀ ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Du Bois kọ ọ́ tán, ó fi ránṣẹ́ sí Washington. Wọ́n ní ó kan ọ̀rọ̀ òṣèlú, àwọn kò ní tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ó ní kí wọ́n dá ìwé òun padà. Wọ́n ní àwọn ti bà á jẹ́.

Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìtàn ìwà ìkà nípa Lowndes, èyí tí kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀ rárá ló máa ń dùn mí jù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé jókòó, wọ́n ka ọ̀rọ̀ ayé wọn fún akọ̀wé tó fi etí sílẹ̀. Bóyá ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni bi wọ́n nìyẹn. Ìjọba ló san owó iṣẹ́ náà, ìjọba ló sì pa á run. Ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ Du Bois, ó fi kún ìtàn àròsọ rẹ̀, The Quest of the Silver Fleece, tó jáde ní ọdún 1911. Ìtàn àròsọ dára, ṣùgbọ́n a kò lè fi í pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Láti ọdún 1900 ni iye ènìyàn ti ń dínkù. Ó jẹ́ 25,406 ní ọdún 1920 àti 15,417 ní ọdún 1960. Kòkòrò tó ń jẹ èso òwú wọ Alabama ní ọdún 1910, ó sì ba oko jẹ́. Iléeṣẹ́ Detroit àti Chicago ń wá òṣìṣẹ́. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn, àwọn onílẹ̀ sì yí oko òwú padà sí pápá màlúù. Ìbẹ̀rù náà sì wà ńbẹ̀. Ní ọdún 1935, àwọn tó ń ká òwú daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní dọ́là kan ni àwọn ń fẹ́ lórí ọgọ́rùn-ún pọ́ùn. Ìbọn ni wọ́n fi dá wọn lóhùn. Ní ọdún 1947, wọ́n yìnbọn pa Elmore Bolling ní Lowndesboro, ọkùnrin dúdú tó ní ọkọ̀ akẹ́rù, ṣọ́ọ̀bù àti òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ọwọ́ rẹ̀ ń mókè. Àwọn ènìyàn dúdú tó wà ní àyíká kò pe káúńtì náà ní Lowndes lásán mọ́, Lowndes Ẹlẹ́jẹ̀ ni wọ́n ń pè é.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló sá. Ní ọdún 1892, obìnrin méjì láti Àríwá, Charlotte Thorn àti Mabel Dillingham, ti dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Calhoun fún àwọn ọmọ ènìyàn dúdú, Booker T. Washington, gbajúmọ̀ olùkọ́ dúdú, sì wà lẹ́yìn wọn. Ilé-ìwé yìí kò fi mọ sórí ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n ń ra oko ńlá, wọ́n ń gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n ń tà á fún àwọn ìdílé dúdú kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀. Ní White Hall náà, ètò ìjọba àpapọ̀ ní ìgbà ààrẹ Roosevelt fún àwọn àgbẹ̀ dúdú kan láǹfààní láti ra ilẹ̀. Ìdílé tó ní ilẹ̀ tirẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè lé wọn jáde. Ẹ ó rí ìwúlò èyí láìpẹ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1965, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ará Lowndes ṣì jẹ́ ènìyàn dúdú. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìdìbò. Ní ti àwọn òyìnbó, orúkọ tó wà nínú ìwé pọ̀ ju iye wọn tó tó ìdìbò lọ, nítorí orúkọ àwọn tó ti kú àtàwọn tó ti kó lọ ṣì wà níbẹ̀. Lóṣù Kẹta ni John Hulett, ọmọ Lowndes tó ti ṣiṣẹ́ ní Birmingham kó tó padà wálé, kó àwọn ènìyàn lọ sí Hayneville láti forúkọ sílẹ̀. Inú oṣù náà kan náà ni Martin Luther King àti ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹsẹ̀ rìn láti Selma dé Montgomery lórí ọ̀nà márosẹ̀ 80, tó la Lowndes kọjá. Ní alẹ́ ọjọ́ 25, tí ìwọ́de parí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òyìnbó apániláyà Ku Klux Klan yìnbọn pa Viola Liuzzo, òyìnbó abiyamọ láti Detroit, níbi tó ti ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé ènìyàn. Ní oṣù Kẹjọ, Jonathan Daniels, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń mura láti di àlùfáà, ti ọmọbìnrin dúdú kan, Ruby Sales, sí ẹ̀gbẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Hayneville, ìbọn tí wọ́n nà sí ọmọ náà sì ba òun. Ìgbìmọ̀ adájọ́ tó jẹ́ òyìnbó pátápátá dá apààyàn náà sílẹ̀. Láti inú ìbínú lórí ikú Daniels ni ẹjọ́ White v. Crook ti jáde. Ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ pàṣẹ ní ọdún 1966 pé Lowndes gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ènìyàn dúdú àti obìnrin máa jókòó nínú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀.

Stokely Carmichael àti àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ SNCC, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn dúdú, ti wọlé nígbà náà. Ilé ta ni wọ́n sùn sí? Ilé àwọn tó ní ilẹ̀ tiwọn ní White Hall. Àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tó lọ forúkọ sílẹ̀, wọ́n lé wọn kúrò ní oṣù Kejìlá. Wọ́n pa àgọ́ sẹ́bàá ọ̀nà 80, wọ́n sì gbé inú àgọ́ nínú òtútù pẹ̀lú ọmọ wọn, tí àwọn kan ń yìnbọn sí wọn lóru. Ó tó bí ọdún méjì kí àgọ́ náà tó tú ká.

Lẹ́yìn náà, wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèlú tiwọn sílẹ̀, Lowndes County Freedom Organization. Òfin Alabama ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àmì, nítorí àwọn tí kò mọ̀wé. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀pẹ àti àkùkọ ṣe wà lórí ìwé ìbò nílé wa láyé Awólọ́wọ̀ àti Azikiwe, àkùkọ funfun ni àmì ẹgbẹ́ Democrat ti Alabama, ọ̀rọ̀ tó sì wà lára rẹ̀ ni pé òyìnbó ni ọ̀gá. Hulett àti àwọn ènìyàn rẹ̀ mú ẹkùn dúdú, black panther. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1966, Huey Newton àti Bobby Seale gba àmì àti orúkọ yẹn lò ní Oakland, ẹgbẹ́ wọn ni gbogbo ayé sì mọ̀. Abúlé olóko òwú ni ẹkùn náà ti kọ́kọ́ bú.

Wọ́n pàdánù ìbò oṣù Kọkànlá ọdún 1966. Wọ́n tún gbìyànjú. Ní ọdún 1970, John Hulett di ṣẹ́rífù Lowndes, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún méjìlélógún. Ọwọ́ ọlọ́pàá tó ń lù wọ́n tẹ́lẹ̀ di ọwọ́ ọmọ wọn. Ó jẹ́ iṣẹ́ ńlá, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kékeré wò ó. Ṣùgbọ́n ìbò kò pín ilẹ̀. Ilẹ̀ tó pọ̀ jù ṣì wà lọ́wọ́ ìdílé òyìnbó díẹ̀ àti àwọn ilé-iṣẹ́ igi. Àwọn òyìnbó kó ọmọ wọn kúrò ní ilé-ìwé ìjọba lọ sí ti aládàáni, owó-orí ilẹ̀ ní Alabama sì kéré gan-an. Àpótí owó tí Hulett àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá kò ní nǹkan púpọ̀ nínú.

Ẹ jẹ́ kí á padà sínú amọ̀ náà. Ilé tó jìnnà síra wọn kò rọrùn láti fà páìpù ẹ̀gbin ìlú dé, nítorí náà olúkúlùkù ní láti gbẹ́ sọ́kàwéè tirẹ̀. Mo ti sọ pé omi kì í wọ ilẹ̀ dúdú yẹn. Sọ́kàwéè lásán á kún, òjò á rọ̀, ìgbẹ́ á sì padà jáde láti inú ihò balùwẹ̀. Irú èyí tó lè ṣiṣẹ́ lórí amọ̀, tí wọ́n ń kó iyanrìn jọ gègèrè fún, lè gba 20,000 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé inú ilé tí owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Páìpù kan ni wọ́n ń fà láti ẹ̀yìn ilé sínú kòtò tàbí igbó. Ìjọba ìpínlẹ̀, dípò kó ràn wọ́n lọ́wọ́, ń fi ẹ̀wọ̀n dẹ́rù bà wọ́n nígbà kan.

Catherine Coleman Flowers, tó dàgbà ní Lowndes, ló gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde fún ayé gbọ́. Ó mú àwọn òṣèlú, oníròyìn àti dókítà wá sí ẹ̀yìnkùlé àwọn ènìyàn. Ní ọdún 2017, ìwádìí àwọn onímọ̀ ìṣègùn láti Texas jáde. Nínú àwọn ènìyàn 55 tí wọ́n yẹ̀ wò, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta tó ní àmì aràn hookworm, tó ń gba awọ ẹsẹ̀ wọlé láti ilẹ̀ tí ìgbẹ́ wà. Ọ̀pọ̀ dókítà Amẹ́ríkà ti gbà pé aràn yìí ti tán lórílẹ̀-èdè wọn. Flowers gba ẹ̀bùn MacArthur ní ọdún 2020. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ àti àjọ ìlera Alabama tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn: kò ní sí ìjìyà mọ́ fún ẹni tí kò ní sọ́kàwéè, àjọ ìlera yóò sì wá ọ̀nà láti ṣe é fún wọn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ìjọba Trump fagi lé àdéhùn náà, wọ́n ní ó ń ya ẹ̀yà kan sọ́tọ̀ fún ojúrere. Àjọ ìlera ní àwọn yóò máa ṣe é lọ títí owó tó wà nílẹ̀ yóò fi tán.

Ọdún 2030 ni wọn yóò tún ka Lowndes. Ọmọ ogún ọdún tó rí iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ mọ́tò ní Montgomery lè máa gbé Hayneville, kó máa wakọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ láràárọ̀, nítorí ọ̀nà náà kò jìn. Ilẹ̀ tí ìyá àgbà rẹ̀ fi gbogbo ayé ra ṣì wà níbẹ̀. Bóyá yóò kọ́lé síbẹ̀ tàbí yóò kó lọ, sọ́kàwéè tó lè dúró lórí amọ̀ dúdú ló kù tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ sanwó rẹ̀.